Òfin Méjì Lórí Orúnkún Màmá Mi

Ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ Maryland fọwọ́ sí i pé kí àgbàlagbà tó bá wù máa fa igbó nínú ilé rẹ̀, màmá mi ti gbogbo fèrèsé ilé wa ní Temple Hills pa. Oòrùn ń ràn, ooru ń mú, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n ní àwọn ò wá sí Amẹ́ríkà láti wá fa èéfín igbó. Aládùúgbò wa kan wà ní ilé kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, tó bá kí màmá mi, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á tún béèrè àlàáfíà ajá. Láti ìgbà tí òórùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n kàn máa ń mi orí sí i ni, wọ́n sì fi í sínú àdúrà òwúrọ̀ wa, láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn arìnrìn-àjò.

Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Màmá mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí n'Ìbàdàn. Ọmọ tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn, wọ́n á pe bàbá rẹ̀, wọ́n á pe ìyá rẹ̀, wọ́n á tún pe pásítọ̀ ìyá rẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó ń fa igbó ti ń padà sẹ́yìn nìyẹn, kò sí àlàyé tó lè gbà á. Èmi náà ò fẹ́ràn òórùn rẹ̀, ká má purọ́. Ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn bá dáná sun kànìnkànìn àtijọ́ pẹ̀lú ewé tútù.

Ọmọ mi obìnrin ló jókòó la òfin náà yé wa nídìí tábìlì ilé ìdáná. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó ti kúrò lọ́mọdé, ó ti ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ, tó ń ki Yorùbá bọ̀ ọ́ níbi tó bá ti fẹ́ kí màmá àgbà rẹ̀ gbà á gbọ́. Ó ní ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì. Ó ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ fà á lójú títì, tàbí ní pápá ìṣeré, tàbí nínú mọ́tò. Èèyàn lè gbin díẹ̀ sílé, tí ojú ará ìta ò bá ti tó o. Ó ní ti aláìsàn tún yàtọ̀: dókítà á kọ̀wé fún un, ìpínlẹ̀ á fún un ní káàdì, kò sì ní san owó orí tí àwọn yòókù ń san lé e. Ọmọ yìí mọ òfin igbó ju bó ṣe mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lọ. Mo wò ó bákan. Ó ní orí fóònù lòun ti kà á, mo ní kò burú.

Mo wá ní kí wọ́n má gbàgbé pé ìjọba àpapọ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní tèmi, òfin tiwọn ò sì yí padà. Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa ní ọ́fíìsì pé ohun yòówù kí ìpínlẹ̀ wí, òṣìṣẹ́ tó bá fẹnu kàn án, kó lọ máa wá iṣẹ́ mìíràn. Màmá mi wo èmi, wọ́n wo ọmọ mi.

Wọ́n ní, "Irú ilé wo ni Amẹ́ríkà yìí, tí bàbá ń sọ ọ̀tọ̀, tí ìyá ń sọ ọ̀tọ̀?"

Ká sòótọ́, igbó kọ́ ló ń jẹ màmá mi lọ́kàn. Ìbàdàn ni. Wọ́n ní ilé kan ní Àkóbọ̀ tí àwọn àti bàbá mi jọ kọ́ kí bàbá tó dolóògbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ máa gbé. Ṣùgbọ́n gíríìn káàdì ni wọ́n ní, gíríìn káàdì ò sì fẹ́ kí ẹni tó ni ín pẹ́ lẹ́yìn odi. Ìgbà kan tí wọ́n pẹ́ díẹ̀ nílé, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú bi wọ́n pé ṣé onílé ni wọ́n ní Amẹ́ríkà àbí àlejò. Ó kìlọ̀ fún wọn gidi. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lọ sílé kí ọkàn wọn balẹ̀ mọ́, wọn ò tíì tú ẹrù tán tí wọ́n á ti máa ro ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fẹ́ jọ̀wọ́ káàdì náà, nítorí èmi àti ọmọ mi wà níbí. Lọ́yà wa ló wá sọ fún wọn pé tí wọ́n bá di sítísìn, wọ́n lè lọ, wọ́n lè bọ̀, wọ́n lè jókòó sílé wọn títí ó fi máa sú wọn, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè. Báyìí ni màmá mi ṣe fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà kí wọ́n lè máa gbé Ìbàdàn. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti tẹ̀ka, wọ́n ti ya fọ́tò, íńtáfíù ló kù, wọ́n sì ń kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà sórí bí ọmọ tó fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ohun kan ṣoṣo tó ń dà wọ́n láàmú ni orúnkún ọ̀tún. Kí wọ́n tó ti yàrá dé ilé ìdáná, wọ́n á ti di ògiri mú. Oògùn oníhóró tí dókítà fún wọn ń da inú wọn rú. Ọ̀rẹ́ wọn kan nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, opó kan tó ń gbé Glenarden, ló fún wọn ní ìpara kan nínú ike. Wọ́n ní ó ní ewé ni wọ́n fi ṣe é. Ó ń ta sánsán bí míńtì, kò jọ ohun tó lè pa èṣinṣin. Èmi gan-an ni mo máa ń bá wọn fi pa orúnkún láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé ọwọ́ wọn ti kúrò lára ògiri. Inú mi dùn débi pé mo pe opó náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ikú. Ó ní kò tọ́pẹ́, ó sì tètè gbé fóònù sílẹ̀.

Màmá mi wá ní ìwà kan tí gbogbo àwọn ìyá wa ní. Wọn ò lè rí oògùn tó dáa kí wọ́n dákẹ́. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá gbé ike tuntun wá, wọ́n á fi ṣíbí bù ú sínú àwọn ike pẹ́pẹ̀pẹ́ tí mo tọ́jú fún ata, wọ́n á há a kiri. Ẹni tí èjìká ń dùn gbà, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gbà. Mò ń wá ike ata mi, mi ò rí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó ní ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n gun àtẹ̀gùn pẹpẹ, wọ́n sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àlùfáà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí mi tí mò ń wọ́sẹ̀, ẹ wo bí mo ṣe gun orí ibí. Ọlọ́run ló fi ìwòsàn sínú ewé." Wọ́n bá ki ọwọ́ bọ báàgì, wọ́n yọ ike náà, wọ́n gbé e sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Màmá mi tẹ̀, wọ́n yí, wọ́n jó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún náà.

Ọmọ mi tó jókòó tì mí fún mi lápá. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo àwòrán ara ike yẹn." Mo wò ó. Ewé kan ni, ó ya ìka bí ọwọ́ èèyàn. Mo wá ojú opó Glenarden lọ, ó ti tẹrí ba sínú báàgì rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò sọ nù.

Inú mọ́tò ni mo ti ka ara ike náà dáadáa. Igbó ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, pẹ̀lú àmì ìpínlẹ̀ àti ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n wo ike, wọ́n wo orúnkún, wọ́n wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó wá jẹ́ pé igbó ni mo gbé gun pẹpẹ."

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá síbi tí a páàkì sí. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá wá bi mí ní íńtáfíù ńkọ́?" Bí ẹ̀rín ṣe tán lẹ́nu gbogbo wa nìyẹn.

A pe opó náà, ó bẹ̀bẹ̀ gan-an. Ó ní dókítà ló kọ̀wé káàdì fún òun nítorí ìrora ẹ̀yìn, ó ti pẹ́ tí òun ti di sítísìn, ọkàn òun balẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé tí òun bá dárúkọ ohun tó wà nínú ike, màmá mi ò ní jẹ́ kó kan ara wọn, àánú wọn ló sì ṣe òun. Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kó má ṣèyọnu, wọ́n ní ó ṣe wọ́n lóore, ẹ̀tanú àwọn ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Ní Upper Marlboro, lọ́yà wa ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí kóòtù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó béèrè ara, ó béèrè ilé, lẹ́yìn náà ló jókòó tó sì di lọ́yà.

Ó ní, "Màmá, lójú ìpínlẹ̀, ẹ ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ́ ló ń sọ èèyàn di sítísìn, ìjọba àpapọ̀ ni, oògùn tí òfin kọ̀ sì ni igbó lójú tiwọn. Ẹ fà á o, ẹ fi para o, dókítà kọ ọ́ o, kò kọ ọ́ o, ọ̀kan náà ni."

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀."

"Ohun tó lè gbà yín nìyẹn, Mà. Ẹ ò mọ̀. Àmọ́ ẹ ti wá mọ̀ báyìí. Tí ẹ bá tún fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n kí ẹ tó búra gẹ́gẹ́ bí sítísìn, mi ò ní ẹnu tí mo máa fi gbà yín sílẹ̀. Ẹ má purọ́ fún wọn, irọ́ ló burú jù. Ohun tí wọ́n bá bi yín nìkan ni kẹ́ ẹ dáhùn, ẹ má fi nǹkan kan kún un." Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, nítorí ó mọ màmá mi.

Bí a ṣe délé ni màmá mi rántí àwọn ike ata. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n há a fún ló ní gíríìn káàdì bíi tiwọn? Oorun ò kùn wọ́n mọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó di ilé dé ilé. Ọmọ mi ló wa màmá mi nínú mọ́tò tiẹ̀, nítorí òun nìkan ni òfin kankan ò mú nínú ilé wa. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú mọ́tò tèmi, kí ike má bàa bá mi jókòó.

Màmá mi ò wọlé ẹnikẹ́ni, wọn ò gba omi. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á ní, "Sítísìn ni ọ́ àbí gíríìn káàdì?" Ẹni tó bá ní gíríìn káàdì, wọ́n á nàka sí ike, ọmọ mi á gbà á, wọ́n á ní kí onítọ̀hún lọ fọwọ́ tọṣẹtọṣẹ. Ẹni tó bá jẹ́ sítísìn, wọ́n á bi í níṣẹ́ tó ń ṣe. Tó bá ti jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n á gba tiẹ̀ náà. Ìyá kan tó jẹ́ sítísìn, tó sì ti fẹ̀yìn tì, gbé ike tiẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ gba èjìká mi lọ ná, kí n tó kó ìpara yín fún yín." Màmá mi rò ó títí, wọ́n ní lóòótọ́, òfin ò mú un. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún un, wọ́n ní àmọ́ kó má fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ike tó kù, ọmọ mi kó wọn padà fún opó Glenarden tó ni wọ́n.

Ìrora bá padà dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ màmá mi ti wà lára ògiri. Mo ń fi aṣọ gbígbóná jó orúnkún náà fún wọn láràárọ̀, wọ́n ń di eyín mú, ó ń dùn mí dénú egungun. Mo ní ṣé kí a máa lọ gbàgbé ọ̀rọ̀ sítísìn yìí, kí wọ́n gba káàdì aláìsàn, kí wọ́n máa fi ìpara wọn para ní ìrọ̀rùn. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu sóhùn-ún. A wá ń kọ́ wọn ní íńtáfíù nídìí tábìlì. Ọmọ mi á ṣe bí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n, á béèrè ìbéèrè, màmá mi á dáhùn, wọ́n á sì fi ìtàn lé e. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọwọ́ lé Bíbélì kì í sọ̀rọ̀ ní ìdajì.

Ọjọ́ náà pé. Lọ́yà bá wọn wọlé, èmi jókòó síta, mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run pa màmá mi lẹ́nu mọ́. Wọ́n pẹ́. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn wọn ní yàrá kejì ti jáde, àwọn ò tíì jáde. Lójijì ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti màmá mi, kì í sì í ṣe ti lọ́yà.

Ibi tí a páàkì sí ni lọ́yà ti ròyìn fún mi. Ó ní obìnrin tó ń ṣe íńtáfíù bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti lo oògùn tí òfin kọ̀ rí. Màmá mi gbójú sókè, wọ́n ní, "Kí n tó dáhùn, ìpara ńkọ́?" Lọ́yà ní ńṣe ni òun di ojú. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, láti orí opó títí dórí pẹpẹ. Obìnrin náà bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n wá mọ ohun tó jẹ́, kí ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní àwọn gbà á padà láti ilé dé ilé lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí òfin ò gbà láyè, àyàfi ìyá kan tí òfin gbà láyè. Wọ́n tún ṣàlàyé bí èmi ṣe ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú mọ́tò ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orúnkún náà ńkọ́ báyìí, Mà?" Màmá mi ní, "Ó ń dùn mí bí mo ṣe jókòó síwájú rẹ yìí." Ó béèrè ìtàn Amẹ́ríkà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì ní wọ́n yege.

Ọjọ́ tí wọ́n búra, mo sunkún. Ọmọ mi ti lọ ra ìpara tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn lẹ́nu ọ̀nà, ó di í bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Òun ló ń bá wọn fi para láti ìgbà náà, nítorí iṣẹ́ tèmi. Màmá mi tún ń rìn káàkiri ilé. Wọ́n ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń bi aládùúgbò wa pé irú èyí tó ń lò ńkọ́, ṣé ó dáa fún orúnkún. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò lọ́dọ̀ wa, mi ò rí i kí ara wọn yá gágá báyẹn rí.

Ọkàn mi wá balẹ̀. Mo mọ̀ pé ìpara yẹn ò lè wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀wọ̀n sì ni ní Nàìjíríà. Mo sọ fún ara mi pé orúnkún á dá wọn dúró sọ́dọ̀ mi. Mi ò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó wù mí gan-an, mo sì ti ń wo àga onítìmùtìmù kan tí mo máa rà síwájú tẹlifíṣọ̀n fún wọn.

Bí pásípọ́ọ̀tù ṣe dé báyìí, wọ́n ní kí n bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àlọ nìkan. Mo bínú. Mo ní, "Màmá, ta ló máa bá yín pa orúnkún yín níbẹ̀? Níbí ni ara ti tù yín. Níbí ni òfin ti gbà yín láyè."

Wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ara tù mí gan-an níbí. Bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè wọ́n n'Ìbàdàn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́sẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo béèrè orúnkún. Wọ́n ní ó ń dùn wọ́n, ó tilẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn ń ṣí fèrèsé yàrá bàbá mi lọ́wọ́, kí n dúró díẹ̀, ó ku ẹyọ kan.